Ẹ Ka Owó Náà: Bí Ọ̀dọ́ Ṣe Lè Kápá Másùnmáwo Iṣẹ́ àti ti Owó

Nígbà kan, tí mi ò tíì pé ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́, mo máa ń jí ní nǹkan bí aago méjì òru. Màá na ọwọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí, màá mú fóònù, màá ṣí áàpù báńkì mi, ṣùgbọ́n kí iye owó tó kù tó hàn, màá ti yára pa á dé. Mo mọ̀ pé owó náà kéré. Ohun tí mi ò fẹ́ mọ̀ ni bó ṣe kéré tó. Bí ilẹ̀ bá mọ́, màá gbé ojú oorun lọ sẹ́nu iṣẹ́, màá ṣe àṣìṣe níbi tí kò yẹ, ọ̀gá á bá mi wí, ìbẹ̀rù pé iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ mi á wá kún ìbẹ̀rù pé owó ò tó, àwọn méjèèjì á sì jọ jí mi lóru ọjọ́ kejì.

Ohun tó ń ṣe Àbóyadé ni, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá dúró sábà máa ń gba owó oṣù tó kéré jù lọ nínú gbogbo èyí tí yóò gbà láyé rẹ̀, ìgbà yẹn gan-an ló sì ń san owó ilé fún ìgbà àkọ́kọ́, tó ń ra àwọn ohun èlò tí kò ní tẹ́lẹ̀, tó ṣeé ṣe kó ṣì máa san gbèsè ilé ìwé, tí àwọn òbí àti àbúrò sì ti ń wojú rẹ̀. Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè jẹ́ ti oṣù mélòó kan péré, kò sì ní owó kankan nípamọ́ tó lè gbára lé bí nǹkan bá yí padà. Kì í ṣe pé ó ya ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe pé kò gbọ́n. Ibi tí ẹrù ti wúwo jù ni wọ́n ti gbé e rù ú.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé másùnmáwo iṣẹ́ àti ti owó máa ń lọ́ mọ́ra bí okùn méjì, débi pé ẹni tó wà nínú rẹ̀ kì í mọ èyí tó ń fún òun lọ́rùn. Ẹni tó jẹ gbèsè kò lè fi iṣẹ́ tó ń pa á lára sílẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ ti tán lókun á máa náwó kó lè fi tu ara rẹ̀ nínú, gbèsè á sì máa ga sí i. Torí náà, iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ tú àwọn méjèèjì ká, kí ẹ sì kọ́kọ́ dojú kọ ti owó, nítorí pé òun ló ṣeé kà.

Ẹ ṣọ́ ara yín fún ọ̀sẹ̀ kan

Bí ewu bá yọjú, ara á tú àwọn èròjà bíi adrenaline àti cortisol sínú ẹ̀jẹ̀. Àyà á bẹ̀rẹ̀ sí í lù kì-kì-kì, mímí á yá, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ á lọ sókè kí iṣan lè rí agbára lò. Bí ewu náà bá ti kọjá, ara á tún balẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni pé gbèsè kì í kọjá bí ajá tó ń léni ṣe ń kọjá. Ó wà níbẹ̀ láàárọ̀, ó wà níbẹ̀ lálẹ́. Lọ́dún 1936, Hans Selye, tó ń ṣe ìwádìí nílùú Montreal ní Kánádà, ṣàlàyé ohun tó rí lára àwọn ẹranko tí ìnira bá fún ìgbà pípẹ́: ara wọn kọ́kọ́ jí gìrì, lẹ́yìn náà ó fara dà á, níkẹyìn agbára wọn tán. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló wà ní ìpele kejì yìí, tí wọ́n ń fara dà á, tí wọ́n sì rò pé bí ayé àgbà ṣe rí nìyẹn.

Ẹ mú ìwé kékeré kan, kí ẹ máa kọ ìgbà tí orí bá fọ́ yín, ìgbà tí inú bá ń run yín, ìgbà tí ẹ bá jágbe mọ́ ẹni tí kò ṣẹ̀ yín, àti ìgbà tí oorun bá dá lójú yín. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní wákàtí tó ṣáájú. Ṣé ọ̀nà ibi iṣẹ́ ni ẹ wà ni, àbí ẹni tí ẹ jẹ lówó ló fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́? Lẹ́yìn ọjọ́ méje, ìwé yẹn á ti sọ fún yín okùn tó ń fún yín jù. Ó ya èmi lẹ́nu láti rí i pé ọjọ́ márùn-ún nínú méje, owó ló dá oorun mi dúró, bẹ́ẹ̀ mo ti ń sọ fún gbogbo èèyàn látọjọ́ yìí pé ọ̀gá mi ni.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ má baà máa dá ara yín lẹ́bi. Lọ́dún 2013, àwọn olùwádìí kan, tí Sendhil Mullainathan àti Eldar Shafir wà lára wọn, gbé àbájáde iṣẹ́ tí wọ́n ṣe láàárín àwọn àgbẹ̀ ìrèké ní ilẹ̀ Íńdíà jáde. Wọ́n fún àwọn àgbẹ̀ náà ní ìdánwò ọpọlọ ṣáájú ìkórè, nígbà tí owó ti tán lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì tún fún àwọn kan náà lẹ́yìn ìkórè, nígbà tí owó ti dé. Àwọn èèyàn kan náà yìí ṣe dáadáa sí i lẹ́yìn ìkórè. Àìrówó máa ń gba àyè nínú ọpọlọ, àyè tó kù fún ìrònú á sì kéré. Nítorí náà, ẹ fi í ṣe òfin fún ara yín pé ẹ kò ní yá owó tuntun, ẹ kò ní kọ ìwé pé ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀, ẹ kò sì ní fèsì àtẹ̀jíṣẹ́ tó bí yín nínú, láti ìgbà tí ilẹ̀ bá ti ṣú títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Ẹ ka owó náà

Ẹ yan ọ̀sán ọjọ́ kan tí ẹ kò ní lọ síbi iṣẹ́. Ẹ má ṣe é lóru, ẹ má sì ṣe é ní ọjọ́ tí inú yín kò dùn. Ẹ fa ìlà sórí ìwé kan kí ó lè ní ọ̀nà márùn-ún: ẹni tí ẹ jẹ lówó, iye tó kù, èlé tó wà lórí rẹ̀, ọjọ́ tó yẹ kí ẹ san án, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ẹ kò bá san án. Ọ̀nà karùn-ún yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò, bẹ́ẹ̀ òun ló ṣe pàtàkì jù, torí òun ló máa jẹ́ kí ẹ mọ gbèsè tó lè lé yín jáde nílé yàtọ̀ sí èyí tó kàn ń pariwo. Ẹni tó ń pè yín nígbà mẹ́wàá lójúmọ́ kọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ gba owó nígbà gbogbo.

Ẹ̀yìn àpò ìwé kan ni mo kọ tèmi sí. Orúkọ méje ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan wà tí mo ti gbàgbé pátápátá, ọ̀kan sì wà tí mo ti san tán láìmọ̀, tí ó ṣì ń dẹ́rù bà mí lásán. Nígbà tí mo fa ìlà sábẹ́ gbogbo rẹ̀ tí mo sì ro ó pọ̀, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Iye náà pọ̀, ṣùgbọ́n ó ní òpin, èyí tó wà lọ́kàn mi lóru kò sì ní òpin. Mo sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, bẹ́ẹ̀ mi ò tíì san kọ́bọ̀ kan nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn gbèsè, ẹ kọ owó tó ń wọlé. Bí iye tó ń wọlé bá ń yí padà lóṣooṣù, ẹ fi oṣù tó kéré jù nínú oṣù mẹ́fà tó kọjá ṣe ìṣirò, kí oṣù tó bá sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ lè jẹ́ èrè. Ẹ wá kọ owó tó ń jáde, ṣùgbọ́n ẹ má fi àbá kọ ọ́. Ẹ wo àkọsílẹ̀ báńkì yín fún oṣù mẹ́ta, nítorí pé ohun tí a rò pé a ń ná àti ohun tí a ń ná gan-an kì í sábà dọ́gba. Ẹ ṣọ́ àwọn owó kéékèèké tó ń fúnra wọn yọ lóṣooṣù fún àwọn ètò orí fóònù tí ẹ kò lò mọ́. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́: ohun tó bá wọlé ni kí ẹ fi díwọ̀n ohun tó máa jáde, ẹ má sì fi ti ọ̀rẹ́ tàbí ti ẹni tí ẹ rí lójú fóònù díwọ̀n tiyín.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí èlé, nítorí òun ló ń ba ayé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ jẹ́. Bí ayánilówó bá sọ pé èlé òun jẹ́ 10 nínú 100, ìbéèrè tí ẹ gbọ́dọ̀ bi í ni pé, fún ọ̀sẹ̀, fún oṣù, àbí fún ọdún? Bí ẹ bá yá 1,000 nínú owó èyíkéyìí, tí èlé rẹ̀ jẹ́ 10 nínú 100 lọ́dún, 1,100 ni ẹ máa jẹ nígbà tí ọdún bá yí po. Bí ó bá jẹ́ 10 nínú 100 lóṣù, tí wọ́n sì ń gbé èlé lé orí èlé, ó máa di 1,100 lóṣù kìíní, 1,210 lóṣù kejì, nígbà tó bá sì máa fi pé oṣù 12, ó ti di nǹkan bí 3,138. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Àwọn áàpù ayánilówó tó ń yáni lówó láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan sábà máa ń sọ èlé ọ̀sẹ̀ tàbí ti oṣù fúnni torí pé ó ń dún kékeré létí. Ẹ ṣírò rẹ̀ títí dé ọdún kí ẹ tó fọwọ́ kan bọ́tìnì kankan.

Ní ti ètò sísan, ohun tí ẹ kò bá san tí ẹ lè pàdánù ilé, iná, omi tàbí irinṣẹ́ tí ẹ fi ń jẹun ni kó ṣáájú. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀nà méjì ló wà. Àwọn kan máa ń kọ́kọ́ dojú kọ gbèsè tí èlé rẹ̀ ga jù, tí wọ́n á sì máa san iye tó kéré jù tí àwọn ayánilówó yòókù lè gbà lọ́wọ́ wọn. Ọ̀nà yìí ló ń dín owó tó ń ṣòfò kù jù lọ. Àwọn mìíràn máa ń kọ́kọ́ pa èyí tó kéré jù rẹ́ kí ọkàn wọn lè balẹ̀. Èrò tèmi ni pé ẹni tí oorun ti dá lójú rẹ̀ pátápátá kí ó kọ́kọ́ pa ẹyọ kan tó kéré rẹ́, kí orúkọ kan kúrò lórí ìwé náà, lẹ́yìn náà kí ó yí sí èyí tí èlé rẹ̀ ga jù, kí ó má sì kúrò nídìí rẹ̀ títí yóò fi tán. Yíyá owó lọ́dọ̀ ẹnì kan láti fi san ti ẹlòmíràn kò dáa, àyàfi bí ẹ bá ti ṣírò gbogbo owó tí ẹ máa san parí lórí tuntun náà, tí ẹ sì rí i pé ó kéré sí ti àkọ́kọ́.

Ẹ lọ bá ẹni tí ẹ jẹ lówó kí ọjọ́ tó pé. Lẹ́yìn tí ọjọ́ bá ti kọjá, ojú olè ni wọ́n máa fi ń wo yín. Bí ó bá ku ọ̀sẹ̀ kan, ojú ẹni tó ní láárí ni. Ẹ lè sọ pé: “Ọjọ́ karùn-ún oṣù tó ń bọ̀ ló yẹ kí n san owó yín, ṣùgbọ́n mi ò ní lè san án tán. Mo lè san ìdajì lọ́jọ́ náà, kí n sì pín ìyókù sí oṣù méjì tó tẹ̀ lé e. Ṣé ẹ lè gbà bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì bá mi kọ ọ́ sílẹ̀?” Ẹ má ṣèlérí iye tí ìwé yín kò gbà.

Ìrànlọ́wọ́ tí ẹ ń ṣe fún àwọn ẹbí náà gbọ́dọ̀ ní àyè tirẹ̀ lórí ìwé náà, kí ó sì jẹ́ iye pàtó. Bí iye yẹn bá ti tán, gbólóhùn kan tó: “Ẹ jọ̀ọ́, ibi tí agbára mi mọ lóṣù yìí nìyí.” Ẹ má sì ṣe onídùúró fún ẹnikẹ́ni lórí gbèsè tí ẹ̀yin fúnra yín kò lè san, nítorí bí kò bá san án, tiyín ni.

Owó ìpamọ́ kò gbọ́dọ̀ dúró di ìgbà tí gbèsè bá tán. Ẹ kọ́kọ́ pa iye tó lè tún ohun kan tó sábà máa ń bàjẹ́ lọ́wọ́ yín ṣe mọ́, bóyá fóònù tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́ ni tàbí owó oògùn, kí ìjàǹbá kékeré má baà lé yín padà sọ́dọ̀ ayánilówó. Nígbà tí gbèsè tí èlé rẹ̀ ga bá ti lọ, ẹ máa fi kún owó ìpamọ́ náà títí yóò fi tó ìnáwó oṣù kan, lẹ́yìn náà oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ fi ogún ìṣẹ́jú wo ìwé náà. Ní àwọn ọjọ́ yòókù, ẹ kò ní ojúṣe kankan láti máa ronú nípa rẹ̀.

Iṣẹ́

Bí owó bá ti wà lórí ìwé, ohun tó kù lọ́kàn yín ni ti iṣẹ́ gan-an, ẹ óò sì rí i kedere. Lọ́dún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣàpèjúwe ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ bí másùnmáwo ibi iṣẹ́ bá pẹ́ láìsí àbójútó. Wọ́n ní kì í ṣe àìsàn, wàhálà tó ń ti ẹnu iṣẹ́ wá ni, àmì rẹ̀ sì jẹ́ mẹ́ta: okun á tán pátápátá, ọkàn á jìnnà sí iṣẹ́ náà tàbí kí ó kórìíra rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ ẹni á sì máa bà jẹ́. Bí ẹ bá rí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lára yín, ìsinmi òpin ọ̀sẹ̀ kan kò lè tó. Àfi kí ohun kan yí padà nínú iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀.

Ẹ bi ara yín ní ohun tó burú níbẹ̀ gan-an, torí oògùn wọn yàtọ̀ síra. Bí ó bá jẹ́ pé iṣẹ́ ló pọ̀ jù, ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sórí ìwé kan, kí ẹ sì gbé e tọ ẹni tó ń darí yín lọ: “Ọ̀gá, iṣẹ́ mẹ́jọ tó wà lọ́wọ́ mi nìyí. Márùn-ún ni mo lè ṣe dáadáa kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Èwo ni ẹ fẹ́ kí n fi ṣáájú, èwo ló sì lè dúró?” Ọ̀rọ̀ yìí kò ní àríwísí nínú, ó sì gbé ìpinnu náà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ni kò mọ iye iṣẹ́ tí wọ́n ti kó jọ sí ọwọ́ ẹnì kan, nítorí pé ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gbé e wá. Bí ó bá jẹ́ pé owó oṣù ló kéré, ẹ bẹ̀rẹ̀ lónìí láti máa kọ ohun tí ẹ ṣe yanjú àti ọjọ́ tí ẹ ṣe é sílẹ̀, torí ẹni tó ń béèrè àfikún láìsí ẹ̀rí, ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé wọ́n ń fi ìyà jẹ yín, wọ́n ń bú yín, tàbí wọ́n ń fi ìbálòpọ̀ lọ̀ yín, ẹ kọ déètì, wákàtí, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ àti orúkọ ẹni tó wà níbẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ síbi tí kì í ṣe kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́. Láti ọdún 2019 ni Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé ti ṣe àdéhùn tó lòdì sí ìwà ipá àti ìyọlẹ́nu lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn orílẹ̀-èdè tó bá fọwọ́ sí i gbọ́dọ̀ dáàbò bo òṣìṣẹ́.

Wákàtí iṣẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgboyà. Láti ọdún 1919 ni àdéhùn àkọ́kọ́ tí Àjọ Òṣìṣẹ́ ṣe ti sọ pé wákàtí 8 lójúmọ́ àti 48 lọ́sẹ̀ ni kí iṣẹ́ má kọjá ní àwọn ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ. Lọ́dún 2021, àjọ yìí kan náà àti Àjọ Ìlera Àgbáyé jọ gbé ìwádìí jáde: ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀, ewu pé kí ó ní àrùn rọpárọsẹ̀ fi nǹkan bí 35 nínú 100 ga ju ti ẹni tó ń ṣe wákàtí 35 sí 40 lọ, ewu pé kí àrùn ọkàn pa á sì fi nǹkan bí 17 nínú 100 ga. Ẹ̀yin tí ẹ ní iṣẹ́ kejì, ẹ ro wákàtí méjèèjì pọ̀. Ẹ sì ṣírò iye tí iṣẹ́ kejì náà ń mú wá fún wákàtí kan lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ owó ọkọ̀ àti dátà; mo mọ ẹni tó ṣe ìṣirò yìí tó rí i pé oorun òun ni òun ń tà, ní iye tí kò tó nǹkan.

Ẹ má fi iṣẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìbínú bí ẹ kò bá tíì ní ìnáwó oṣù mẹ́ta nípamọ́ tàbí iṣẹ́ mìíràn tó ti dájú. Ibi kan ṣoṣo tí mo yọ sílẹ̀ ni ibi tí ẹ̀mí tàbí ara yín bá ti wà nínú ewu. Níbẹ̀, ẹ jáde.

Oorun, fóònù àti tẹ́tẹ́

Àgbàlagbà nílò oorun wákàtí méje ó kéré tán. Bí èrò iṣẹ́ ọ̀la kò bá jẹ́ kí ẹ sùn, ẹ fi ìṣẹ́jú márùn-ún kọ gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ ṣe sílẹ̀ kí ẹ tó dùbúlẹ̀. Nínú ìwádìí kan tí Yunifásítì Baylor ní Amẹ́ríkà gbé jáde lọ́dún 2018 lórí àwọn ọ̀dọ́ 57, àwọn tó kọ iṣẹ́ ọjọ́ iwájú sílẹ̀ tètè sùn ju àwọn tó kọ ohun tí wọ́n ti ṣe tán lọ. Ẹ gbé fóònù sí yàrá mìíràn tàbí ibi tí ọwọ́ yín kò dé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi tẹ́tẹ́ san gbèsè. Bí wọ́n ṣe ṣètò tẹ́tẹ́ ni pé kí ẹni tó ni ilé iṣẹ́ náà máa jèrè lórí gbogbo àwọn tó ń ta á, ẹni tí gbèsè sì ti ká mọ́ lè máa ta á ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ẹ bá ti wà nídìí rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sórí ìwé náà pẹ̀lú àwọn ìnáwó yòókù, iye tó jáde àti iye tó wọlé, fún oṣù mẹ́ta.

Bí ó bá ju agbára yín lọ

Bí ìbànújẹ́ bá dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì láìlọ, tí ohun tí ẹ fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ kò dùn mọ́ yín mọ́, tí ẹ kò lè jẹun tàbí tí ẹ kò lè sùn, ẹ lọ rí dókítà. Bí ó bá sì ti ń wá sí yín lọ́kàn pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ, tàbí pé gbogbo èèyàn á sinmi bí ẹ kò bá sí mọ́, ẹ má dá wà lálẹ́ òní. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín jù, tàbí kí ẹ pe ẹnì kan tó lè wá jókòó tì yín, kí ẹ sì sọ ọ́ fún un ní tààràtà. Gbèsè ṣeé dúnàá dúrà lé lórí, ó ṣeé pín sí ọ̀nà púpọ̀, àwọn òfin sì wà ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fún ẹni tí kò lè san rárá.

Ohun tó máa ń dí ọ̀pọ̀ lọ́wọ́ ni pé wọn kò mọ bí wọ́n ṣe máa bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, ìtìjú á sì dì wọ́n lẹ́nu. Kò pọn dandan kí ẹ ti ronú àlàyé gígùn. Ẹ mú ìwé yẹn dání bí ẹ bá ti kọ ọ́, bí ẹ kò bá sì tíì kọ ọ́, ẹ lọ bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì wí pé: “Nǹkan ti wọ̀ mí lọ́rùn, mi ò lè sùn mọ́. Mi ò mọ ibi tí mo máa ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi jókòó.”